Omi Tí Ẹ̀rọ Kọ̀

Aago méje àárọ̀ ku ogún ìṣẹ́jú ni, lọ́jọ́ Ajé kan tí òjò ti rọ̀ mọ́jú, lọ́dún tí ìjọba ti ẹnubodè. Aago náà dá mi lójú, nítorí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wo fóònù mi bóyá ẹnì kan ti fèsì sí èyíkéyìí nínú àwọn lẹ́tà ìwáṣẹ́ tí mo fi ránṣẹ́. Kò sẹ́ni tó fèsì. Mo fi fóònù sápò, mo ju garawa sínú kànga ẹ̀yìnkùlé wa ní Ayétòrò, mo sì gbọ́ tí ó kan omi kí n tó retí rẹ̀.

Mo wo okùn tó wà lọ́wọ́ mi. Kókó tó wà lára rẹ̀ ṣì wà lókè ẹnu kànga, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìgbọ̀nwọ́ kan. Mo dúró síbẹ̀. Mi ò fa garawa náà sókè, mi ò sì lè jọ̀wọ́ okùn.

Mo gbọ́dọ̀ ṣàlàyé kókó yẹn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ ó rò pé orí mi ló dàrú.

Nínú ẹ̀ẹ̀rùn tó ṣáájú òjò yẹn ni bàbá mi kú. Tíṣà ni wọ́n, ìṣirò ni wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọ. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n bá òṣìṣẹ́ méjì gbẹ́ kànga yìí nígbà tí mi ò tíì mọ ìrìn. Nínú ẹbí wa, a kì í gbé òkú baálé lọ síbi tó jìnnà. Iwájú ilé là ń sin ín sí, lábẹ́ fèrèsé yàrá rẹ̀, kí ohùn àwọn ará ilé má baà jìnnà sí i. Ṣùgbọ́n àwọn tó wá wọn ojú ọ̀nà ti fi ọ̀dà pupa sàmì sí ògiri iwájú ilé wa. Wọ́n ní títì yóò gba ibẹ̀ kọjá lọ́jọ́ kan. Kò sẹ́ni tó fẹ́ kí katakata wá hú bàbá mi jáde. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wa ṣe wá sí ẹ̀yìnkùlé, tí àbúrò bàbá mi, tí a ń pè ní Bàbá Kékeré, sì yíjú sí mi.

"Ìwọ ni àkọ́bí," wọ́n ní, "ìwọ náà lo sì kàwé jù. Tọ́ka síbi tí a ó gbẹ́."

Mo tọ́ka sí abẹ́ igi ọsàn, níbi tí bàbá mi ti máa ń jókòó ka ìwé ìròyìn lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́. Mi ò wo kànga. Tòótọ́ ni mò ń sọ fún yín, mi ò wo kànga rárá. Ẹ̀ẹ̀rùn ni, omi ti lọ sísàlẹ̀ débi pé okùn wa fẹ́rẹ̀ẹ́ má tó o mọ́, ilẹ̀ sì gbẹ bí àkàrà àná. Ìgbésẹ̀ mọ́kànlá ni láti ẹnu kànga dé abẹ́ igi ọsàn. Mo ti kà á lẹ́yìn ìgbà náà ju bó ti yẹ kí ènìyàn kà á lọ.

Àwọn tó gbẹ́ ibojì náà kò mú ohun ìwọn wá. Ọ̀kan nínú wọn lọ gbé okùn kànga wa. Ó sọ garawa sínú ihò náà títí tó fi kan ilẹ̀, ó wá ta kókó síbi tí okùn ti bá ojú ilẹ̀ dọ́gba. Ó ní, "Ó tó. Ó pé." Wọ́n fi búlọ́ọ̀kù mọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yíká, wọ́n sì fi ìsàlẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ní iyẹ̀pẹ̀ lásán, bí a ti ń ṣe, kí ara lè padà sínú ilẹ̀. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, wọ́n dá okùn padà sídìí kànga. Kò sẹ́ni tó rántí tú kókó náà.

Ẹ wá wò ó. Láti ìdí garawa dé kókó yẹn, bí bàbá mi ṣe jìn sílẹ̀ tó nìyẹn. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé yẹn, garawa ti kan omi, kókó ṣì wà lókè. Omi inú ilẹ̀ ti gòkè kọjá ibi tí wọ́n dùbúlẹ̀ sí.

Ohun tó ṣe mí kì í ṣe ẹ̀rù nìkan. Mo ti gbìyànjú láti wá orúkọ fún un, mi ò rí i. Ìtìjú wà níbẹ̀, nítorí ìka tèmi ló tọ́ka. Ìfẹ́ náà wà níbẹ̀, mi ò fẹ́ parọ́. Ó sì tún dà bí ìgbà tí ènìyàn gbọ́ ohùn ẹni tó mọ̀ nínú yàrá tí kò sẹ́nì kankan. Kẹ́mísìrì ni mo kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga. Mo mọ ohun tí ilẹ̀ ń ṣe sí ohun tó bá wà nínú rẹ̀, mo sì mọ̀ pé omi abẹ́ ilẹ̀ kì í dúró sójú kan. Bóyá ẹni tí kò kàwé ì bá sinmi. Èmi ò lè sinmi.

"Ṣé garawa há ni?" Màámi ló pè mí láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná.

"Rárá, mà."

"Kí lo wá ń wò nínú kànga bí ẹni tí fóònù rẹ̀ já sí i?"

"Omi ti kún, Màámi."

"Òjò rọ̀, kànga kún. Ṣé ìyẹn náà wà lára ohun tí wọ́n kọ́ yín?"

Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín, wọ́n gba okùn lọ́wọ́ mi, wọ́n fa garawa sókè. Wọ́n mú ife onírin funfun tí bàbá mi ń lò, èyí tí etí rẹ̀ ti bó, wọ́n bu omi nínú garawa náà, wọ́n sì mu ún lórí ìdúró pẹ̀lú ojú dídì. Mo ń wo ọ̀nà ọ̀fun wọn bí ó ṣe ń lọ tí ó ń bọ̀. Mi ò lè sọ pé kí wọ́n má mu ún. Bí mo bá sọ ọ́, mo ní láti sọ ìdí rẹ̀.

Láti ìgbà tí òjò ti ń rọ̀ gan-an ni inú ti ń run Màámi. Nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn ìjọba fún wọn lóògùn, ó sì bi wọ́n léèrè irú omi tí wọ́n ń mu. Ó ní kí wọ́n fi omi kànga sílẹ̀, tàbí kí wọ́n máa sè é. Wọ́n lo oògùn náà, inú rírun sinmi fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó tún bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ń rù. Ìró tí wọ́n ń ró lẹ́ẹ̀kan tẹ́lẹ̀, wọ́n ti ń yí i ká ara wọn lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn nìkan ni wọ́n kù fún mi. Mo ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ kí ẹ lè mọ̀ pé kì í ṣe eré ni mo ń ṣe nígbà tí mo pinnu pé n ó ra ẹ̀rọ asẹ́mi.

Bí bodè ṣe tì náà tún dá kún un. Kí wọ́n tó tì í, Màámi máa ń gba Ìmẹ̀kọ kọjá lọ sí ọjà Kétu lódìkejì. Ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin wà níbẹ̀, aṣọ ni wọ́n jọ ń tà. Láti ìgbà tí àwọn sójà ti dúró sójú ọ̀nà, ọlọ́kadà tó ń gbé wọn kò lọ mọ́, ẹ̀gbọ́n wọn kò sì lè wá. Epo bẹntiróòlù di ohun tí à ń bẹ̀bẹ̀ fún. Àdúgbò wa, tí ariwo jẹnẹrétọ̀ kì í jẹ́ kí ènìyàn gbọ́ ara rẹ̀ tẹ́lẹ̀, wá dákẹ́ débi pé èèyàn ń gbọ́ ìgbà tí ewé ọsàn bọ́ sórí sìmẹ́ńtì ibojì. Lójoojúmọ́, Màámi á gbé àga lọ síbẹ̀, wọ́n á gbé ife wọn dání, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́.

Mo kó owó tí mo tọ́jú nígbà tí mo jẹ́ agùnbánirọ̀, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ìlaró. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ń ta páìpù, táńkì àti ẹ̀rọ ìfami. Ó tóbi, ó sì máa ń gbé awò ojú rẹ̀ sí iwájú orí bí ẹni pé iwájú orí ló fi ń ríran.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ọjà o. Ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi mímu ni mo ń wá fún màmá mi tí inú ń run."

"O káre, àbúrò mi. Omi kànga ni àbí ti bọhóòlù?"

"Kànga ni, sà."

Oríṣi mẹ́ta ló gbé síwájú mi. Èkíní ni fílítà oníkòkò méjì, irú èyí tó máa ń wà nílé àwọn àlùfáà ọ̀rẹ́ bàbá mi: ìkòkò kan lórí èkejì, tí òkúta funfun bí àbẹ́là wà nínú ti òkè. Ó ní kò fẹ́ iná, kò fẹ́ wàhálà, kí a sáà máa fọ òkúta náà. Ó ní bí a bá tún gbé omi rẹ̀ kaná, kò sí kòkòrò tí yóò yè é. Èkejì ni onígílóòbù, tó ń fi ìmọ́lẹ̀ pa kòkòrò. Ẹ̀kẹta ni èyí tí wọ́n ń pè ní rifáàsì ọsimósíìsì, tí àwọn ọlọ́jà ti gé kúrú sí RO. Agolo funfun gígùn mẹ́rin ló dúró sínú rẹ̀ bí àwọn ọmọ iléèwé lórí ìlà. Omi á kọ́kọ́ gba inú owú, á gba inú èédú, lẹ́yìn náà ni ìfami á fi ipá tì í gba inú awọ kan tó fẹ́lẹ́, tí wọ́n wé bí ẹní.

"Ṣé ó lè yọ ohun tó ti yòrò sínú omi?" mo béèrè.

"Iyọ̀ ńkọ́? Da iyọ̀ sómi, pò ó, gbé e gba inú rẹ̀. O ò ní mọ̀ pé iyọ̀ débẹ̀ rí."

"Yàtọ̀ sí iyọ̀?"

"Yàtọ̀ sí iyọ̀ bíi kí ni?"

"Ohunkóhun tó bá wá láti inú ilẹ̀."

Ó fa awò rẹ̀ wá sójú. "Àbúrò, kí ló bọ́ sínú kànga yín? Ewúrẹ́ ni?"

"Rárá, sà."

"Adìyẹ?"

"Kò sí ohun tó bọ́ sínú ẹ̀."

"Ọ̀jọ̀gbọ́n! Mú oníkòkò méjì lọ sílé, kí ara màmá ẹ yá, kí owó ẹ ṣẹ́ kù. Èyí tó o rọ̀ mọ́ yìí, iná wo ló wà ní Ayétòrò tó máa gbé e lójoojúmọ́? Epo tẹ́ ẹ máa dà sí jẹnẹrétọ̀, ṣé àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù jẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ wa ni? Kùtọnu ni ẹ̀rọ yìí ti wọlé kí wọ́n tó ti bodè. Tí awọ inú ẹ̀ bá gbó lọ́la, níbo lo ti fẹ́ rí òmíràn?"

Ó tọ̀nà. Mo mọ̀ pé ó tọ̀nà bí ó ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́. Kòkòrò ló ń da inú Màámi láàmú, fílítà oníkòkò méjì àti iná ìdáná sì lè ṣe é. Ṣùgbọ́n òkúta inú ìkòkò yẹn kì í dá ohun tó ti yòrò dúró. Mo gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ fún yín, nítorí mi ò tíì jẹ́wọ́ fún ẹnikẹ́ni: kì í ṣe kòkòrò ni mo fẹ́ yọ nínú omi. Bàbá mi ni.

"Ohun kan tún wà," ọkùnrin náà ní, bí ó ti ń di páálí. "Ó máa ń da omi nù o. Tẹ́ ẹ bá rí ife kan mu, nǹkan bí ife mẹ́ta á gba páìpù kejì jáde."

Mo ní kò burú, omi pọ̀ ní kànga wa. Mi ò béèrè ibi tí ife mẹ́ta yẹn ń lọ.

Ní ọ̀nà àbọ̀, àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù dá ọkọ̀ wa dúró. Ọ̀kan nínú wọn gbé páálí mi, ó mì í sétí.

"Ìrẹsì ni?"

"Ẹ̀rọ asẹ́mi ni, sà."

"Omi Ayétòrò ò dáa mọ́ ni?"

Gbogbo èrò ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi ò rí ẹ̀rín rín. Mo ń ronú pé ó ti mọ̀.

Lọ́jọ́bọ̀, ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ gun alùpùpù wá bá wa dè é. Ó gbé táńkì kékeré sórí ògiri, ó so ìfami mọ́ ọn, ó kan ẹ̀rọ náà mọ́ ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ilé ìdáná. Èdè Faransé ni wọ́n fi kọ ìwé tó bá a wá látòkèdélẹ̀. Mo dúró, èmi tí mo kàwé jù, mò ń wò ó bí ẹni ń wo ògiri. Màámi gbà á lọ́wọ́ mi. Láti ìgbà tí wọ́n ti wà lọ́mọge ni wọ́n ti ń ná ọjà Kétu, Faransé inú ìwé bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí wọn. Wọ́n ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan.

"Páìpù funfun, omi mímu," wọ́n ní. "Páìpù pupa, omi tí a kọ̀." Wọ́n gbójú sókè. "Kí ni wọ́n ń pè ní omi tí a kọ̀?"

"Ìdọ̀tí ni, Màmá," ọkùnrin náà dáhùn. "Ohun gbogbo tí ẹ̀rọ bá yọ, ibẹ̀ ló ń bá jáde."

"Ohun gbogbo?"

"Pátápátá. Ibo ni kí n gbé páìpù ẹ̀ gbà?"

Màámi wo ojú fèrèsé. "Ẹ gbé e gba ibí yìí. Sí ìdí igi ọsàn."

Ọkùnrin náà fa páìpù pupa náà jáde, èmi náà tẹ̀ lé e. Nígbà tó dé abẹ́ igi, ó dúró. Ó wo ibojì. Ó wo kànga. Mo rí i tí ẹnu rẹ̀ ń mì díẹ̀díẹ̀, tí ó ń fi ojú ka ìgbésẹ̀ láti ọ̀kan dé èkejì. Ó gbé awò rẹ̀ padà sí iwájú orí, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Àbúrò," ó ní, "mo bi ẹ́ bóyá ewúrẹ́ ni. Má bínú."

Ó so páìpù náà, ó kọ̀ láti mu ohun tí a gbé fún un, ó sì lọ.

Ife omi àkọ́kọ́ tó jáde mọ́ débi pé mo ń rí ìka mi lódìkejì rẹ̀. Mo tọ́ ọ wò. Kò ní adùn kankan. Mo gbé e fún Màámi, wọ́n mu díẹ̀.

"Ó dáa," wọ́n ní. "Àmọ́ omi yìí ò mọ ẹnikẹ́ni."

Mo rò pé àwàdà ni. Inú mi dùn lọ́jọ́ yẹn, mo sì sùn dáadáa fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ Ajé yẹn.

Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó tẹ̀ lé e, iná sábà máa ń dé ní ọ̀sán. Ẹ̀rọ náà á máa kùn, kẹ́ẹ̀gì funfun tí omi mímọ́ ń wọ̀ á kún, ní ọjọ́ kejì mo sì ń rí i pé ó ti lọ sílẹ̀. Mo ń wo ìlọsílẹ̀ rẹ̀ bí ẹni ń wo ara aláìsàn tó ń yá. Ṣùgbọ́n inú kò yéé run Màámi. Ó tún le sí i. Mo yá ẹ̀rọ ìwọn-omi kan tó kéré bíi bírò, tó ń ka iye ohun tó ti yòrò sínú omi, lọ́wọ́ ẹni tí a jọ kàwé, mo fi wọn omi tó mọ́. Nọ́ńbà rẹ̀ kéré gan-an. Mo fi wọn ti kànga, ó ga. Mo wá fi wọn èyí tó ń kán láti páìpù pupa. Ó ga ju ti kànga lọ dáadáa. Ohun tí ẹ̀rọ yọ kò parẹ́. Ó kàn kó o jọ síbì kan ni. Bírò yẹn kì í sì í dárúkọ ohun tó bá rí nínú omi, iye rẹ̀ nìkan ló ń sọ. Mo jókòó ti nọ́ńbà náà fún ìgbà pípẹ́, mò ń retí bí ẹni pé yóò sọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́rú kan, mo lọ tẹ ìwé ìwáṣẹ́ ní ilé ìtẹ̀wé kan láàárín ìlú, ẹ̀rọ wọn bàjẹ́, mo tètè padà. Aago méjì ọ̀sán ti lù. Iná wà, mo ń gbọ́ bí ìfami ṣe ń kùn nílé ìdáná. Mo gba ẹ̀gbẹ́ ilé wọ ẹ̀yìnkùlé. Màámi jókòó sórí àga wọn lábẹ́ igi ọsàn. Wọ́n gbé ife funfun náà sábẹ́ páìpù pupa, wọ́n ń dúró kí ó kún. Ó kún. Wọ́n di ojú, wọ́n gbé e sẹ́nu.

"Màámi! Ẹ má mu ún!"

Wọ́n mu ún tán ná. "O ti dé? Ṣé o ti jẹun?"

"Omi tí ẹ̀rọ kọ̀ nìyẹn, mà!"

"Mo mọ̀. Ṣebí èmi ni mo kà á fún ọ."

"Omi tó wà nínú kẹ́ẹ̀gì ńkọ́? Ó ń lọ sílẹ̀ lójoojúmọ́."

"Òun ni mo fi ń se oúnjẹ rẹ. Òun náà ni mo fi ń fọ ṣẹ́ẹ̀tì tí o ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ tí wọn ò fún ọ. Wo bó ṣe funfun."

"Màámi, inú ń run yín!"

"Ó ń run mí."

Mo jókòó sórí ilẹ̀. Mo ní, "Ẹ ò mọ ohun tó wà nínú ẹ̀ ni."

"Ṣé kókó okùn lo rò pé mi ò mọ̀?" Ohùn wọn kò yí padà. "Ojú mi ni wọ́n ṣe ta á. Kí o tó dé láti ibi tó o ti ń sin ìlú, ta ló ń pọn omi nílé yìí? Lẹ́yìn tó o ti padà ńkọ́, ta ló ń jí pọn ọ́n nígbà tó o ṣì ń sùn? Òjò tí omi fi kọ́kọ́ gòkè kọjá ìwọ̀n kókó yẹn, mo rí i. Mo gbé àga wá síbí, mo kí bàbá rẹ kú àbọ̀."

Mo yíjú sí kànga, mo wo okùn tó wà nídìí rẹ̀.

"O wá ra ẹ̀rọ tó ń yọ wọ́n kúrò," Màámi ní. "Mi ò bá ọ jà. Ẹ̀rù ń bà ọ́, mo rí i lójú rẹ. Ṣùgbọ́n ibi tí ẹ̀rọ bá yọ wọ́n sí, ibẹ̀ lèmi náà ń lọ."

"Èmi ni mo tọ́ka síbẹ̀, Màámi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí."

"Dárí kí ni jì ọ́? Bí mo bá ń dúpẹ́, mo máa ń dúpẹ́ fún ìka rẹ. Ẹ̀gbọ́n mi wà lẹ́yìn bodè. Ìwọ wà nínú fóònù. Bàbá rẹ nìkan ni wọ́n sún mọ́ mi."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju ẹ̀sùn lọ. Mo ti múra sílẹ̀ fún ẹ̀sùn láti ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ yẹn. Mi ò múra sílẹ̀ fún ìdúpẹ́.

Ní ọjọ́ kejì, mo gbé páìpù pupa náà lọ sí ojú gọ́tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Màámi kàn mú okùn, wọ́n lọ pọn omi kànga, wọ́n sì mu ún lójú mi. Mo dá páìpù padà. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí a máa sè é, èyíkéyìí tí wọ́n bá fẹ́ mu. Wọ́n wò mí tìyanutìyanu.

"O fẹ́ ká gbé bàbá rẹ kaná?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n sọ ọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe àwàdà, mi ò sì tún dá a lábàá mọ́. Mo pe Bàbá Kékeré. Wọ́n ní a lè gbé òkú lọ sí itẹ́ òkú ìjọ bí ìyàwó òkú bá gbà. Mo mọ ohun tí ìyàwó òkú yóò sọ.

Mo gbọ́dọ̀ fi èyí kún un. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, nígbà tí Màámi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo gbé ife funfun náà sábẹ́ páìpù pupa, mo sì mu díẹ̀. Mo ń retí ìkorò tàbí òórùn. Adùn kànga ilé wa ni, adùn tí mo mọ̀ láti kékeré, ṣùgbọ́n ó lágbára sí i, bí ẹni pé gbogbo ọdún tí a ti ń mu ún ló kóra jọ sínú ife kan. Adùn yẹn ti wà nínú omi wa kí bàbá mi tó kú. Ó lè jẹ́ pé òkúta inú ilẹ̀ ni, kò sì ní ohunkóhun í ṣe pẹ̀lú wọn. Ó yẹ kí ìyẹn fi mí lọ́kàn balẹ̀. Dípò bẹ́ẹ̀, mo ṣàdédé rí i pé mo ti mu ife náà tán.

Mo pe ọkùnrin Ìlaró náà. Ó ní òun yóò gba RO náà padà, òun yóò sì fi fílítà oníkòkò méjì rọ́pò rẹ̀, bí mo bá gbé e dé kí ọjọ́ Àbámẹ́ta tó parí, nítorí ẹnì kan ní Ihunbo ti ń béèrè RO. Bí mo bá ṣe é, òkúta funfun yẹn lè dá kòkòrò dúró láìsí pé a gbé omi kaná, ohun tó ti yòrò yóò sì máa kọjá. Màámi lè gbà láti mu ún. Ṣùgbọ́n òkúta nìkan lè má tó, nọ́ọ̀sì ní sísè ló dára jù. Omi kan ṣoṣo ni yóò sì wà nílé wa nígbà náà. Èmi náà ni n ó máa mu ún lójoojúmọ́, pẹ̀lú ohun tí mo mọ̀. Bí mo bá fi RO sílẹ̀, èmi ń mu omi tí kò mọ ẹnikẹ́ni, Màámi ń mu ife mẹ́ta tó kù, wọ́n sì ń rù lójú mi.

Iná ti dé bí mo ṣe ń kọ èyí lọ́wọ́. Ìfami ń kùn nílé ìdáná. Mo wo orí pẹpẹ, ife funfun náà kò sí níbẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì ni òní. Ẹ̀yin tí ẹ ti tọ́jú òbí tó nífẹ̀ẹ́ ohun tó ń pa á lára, ẹ̀yin tí kànga àti ibojì yín jọ wà ní ẹ̀yìnkùlé kan náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́: ṣé kí n gbé ẹ̀rọ yìí padà fún un, kí èmi àti Màámi jọ máa mu bàbá mi, àbí kí n máa wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń nìkan mu wọ́n?